Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Lẹ́nu Iṣẹ́: Àpò Ta Ni Owó Rẹ̀ Ti Ń Jáde?

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yìí bá òṣìṣẹ́ tó ń kàwé ní yunifásítì mu. Páàtì-táìmù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Èmi a máa pè é ní ẹ̀kọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀nà yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ru ẹrù owó rẹ̀.

Ní ọdún 1858, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gbà kí ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì rẹ̀ máa ṣe ìdánwò oyè. Ìlẹ̀kùn yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà wọlé. Òwò kòkó rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, síbẹ̀ kò jáwọ́ nínú ìwé. Ní 1944 ó gba oyè B.Com. láti ilé, ọdún náà gan-an ló wá wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Nàìjíríà kò tíì ní yunifásítì kankan nígbà náà. 1948 ni ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀.

Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àtọ̀nàjínwá ní 1974, tí òṣìṣẹ́ fi lè kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó àti ìṣàkóso òwò. Ìjọba Ṣàgàrí ṣe òfin Yunifásítì Gbogbogbòò ní 1983. Kò pé ọdún kan tí ìjọba ológun Bùhárí fi tì í pa ní oṣù kẹrin ọdún 1984, torí wọ́n ní kò sówó. Ìjọba Ọbásanjọ́ jí i dìde ní 2001. Ọdún 17 nìyẹn! Ọmọ tí a bí lọ́dún tí wọ́n tì í ti tó yunifásítì í wọ̀. Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ di akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò lórí oyè, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018.

Báwo ni àwọn tí kì í ṣe ààrẹ ṣe ń rówó san? Àwọn tí mo ti kọ́ ní ọjọ́ Sátidé ń dá èsúsú, wọ́n sì ń yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: à-jẹ-ṣẹ́-kù, ohun tí a jẹ tó ṣẹ́ kù. Nínú owó oṣù tí kò tó jẹ, kí ni yóò ṣẹ́ kù fún ìwé?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2012 ni ìjọba ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ lówó ilé-ìwé. Nàìjíríà náà ṣe òfin tuntun lórí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, tí kò ní èlé, ní 2024. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n má ṣe fi ojú ẹni tó ti rí jẹ wo òṣìṣẹ́ tó ń kàwé. Olùkọ́ tó ń tọ́ ọmọ mẹ́ta, tó tún ń san owó ilé-ìwé tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà.