Ernest Okonkwo àti orúkọ tí kò kúrò lára Odegbami

Ẹ bi àwọn bàbá tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní Ipakodo pé ta ni Segun Odegbami. Kí wọ́n tó sọ nǹkan mìíràn, wọ́n á ní "Mathematical!" Bàbá àti ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn o. Ernest Okonkwo ni, lórí rédíò. 🧵

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, 1980. Pápá ìṣeré Surulere kún fọ́fọ́. Nàìjíríà àti Algeria ń du ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Odegbami gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú kejì, ó tún gbá òmíràn wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Muda Lawal fi ẹ̀kẹta kún un. 3-0. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gba ife yẹn nìyẹn.

Google náà mọ ìyẹn. Ohun tí Google ò lè ṣe ni iṣẹ́ Okonkwo.

Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní tẹlifíṣọ̀n nígbà náà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ẹni tí kò rí pápá dá agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá mọ̀, tí orúkọ wọn kàn ń sáré kọjá létí rẹ̀? Okonkwo sọ wọ́n lórúkọ. Christian Chukwu tó jẹ́ balógun wọn di "Chairman". Aloysius Atuegbu, alágbára ọkùnrin, di "Blockbuster". Odegbami kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Poly Ìbàdàn, ló bá di "Mathematical". Adokiye Amiesimaka tó ń sáré lápá òsì kọ́ ìmọ̀ òfin ní UNILAG, ó di "Chief Justice". (Ó padà di kọmíṣọ́nà ètò ìdájọ́ ní Rivers. Orúkọ ń ro ọmọ lóòótọ́!)

Ẹ wò ó, oríkì nìyẹn. Ọmọ Ígbò ni Okonkwo, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń sọ, àmọ́ etí Yorùbá mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá ti ní bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ Chief Justice, o ti ń retí ìdájọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní rédíò kì í ṣe ìwé kíkọ. Ó dáa. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ni ìwé ìròyìn ti gba àwọn orúkọ náà. Odegbami fúnra rẹ̀ ti di ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ eré ìdárayá sínú ìwé ìròyìn báyìí, "Mathematical" ṣì ń tẹ̀ lé e kiri.

Àwa tí à ń kọ̀wé bọ́ọ̀lù lónìí, possession àti xG là ń dà síta. Mo fẹ́ràn wọn o. Àmọ́ ta ló máa rántí 63% possession ní ogójì ọdún sí i?

Ikorodu City wọ NPFL ní 2024. Ẹ̀yin ará Ikorodu, agbábọ́ọ̀lù wọn mélòó lẹ lè dárúkọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ẹ sì sọ irú èèyàn tí ẹni náà jẹ́ lórí pápá. Mi ò fẹ́ iye góòlù.