Eku Tí Ata Kì í Ta

Ọdún 1842 ni Eduard Rüppell, onímọ̀ nípa ẹranko láti Jámánì, kọ́kọ́ kọ àpèjúwe eku oníhòòhò ti Ethiópíà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí a tó mọ bí ẹranko aláìnírun tó ń fi eyín walẹ̀ yìí ṣe ń gbé. Jennifer Jarvis, tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ ní Kẹ́ńyà, ló fi hàn ní ọdún 1981 pé bí ilé oyin ni agbo wọn rí: abo kan ṣoṣo ló ń bímọ, àwọn yòókù, tí wọ́n sábà máa ń tó 70, ń walẹ̀, wọ́n ń wá oúnjẹ, wọ́n sì ń tọ́ ọmọ tí kì í ṣe tiwọn.

Ó jọ pé inú ihò tó há tí wọ́n ń gbé ni ìdí tí àwọn ìrora kan kì í fi í ta wọ́n ti ṣẹ̀, nítorí pé èémí tí gbogbo wọn ń mí síta kì í tètè ráyè jáde, tó bá sì kan ibi tó lọ́rinrin bí ojú àti imú, a máa di ásíìdì, èyí tó yẹ kó máa ta wọ́n lójú bí èéfín igi tútù.

Kì í ṣe ásíìdì nìkan ló ń fa ìrora: ibi tí ẹran bá ti fara gbọgbẹ́ a máa wú, a máa pọ́n, a sì máa gbóná, débi pé ohun tí kì í dùn ún tẹ́lẹ̀ á di ìrora, ẹran náà á sì máa lá ojú egbò. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Thomas Park, Gary Lewin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ròyìn pé àwọn fi abẹ́rẹ́ fún eku lásán àti eku oníhòòhò ní kapsaísìn, ìyẹn èròjà tó ń mú kí ata máa ta, sí àtẹ́lẹsẹ̀. Eku lásán ń lá ẹsẹ̀ ṣáá. Eku oníhòòhò kò kà á sí. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ ti kú o, nítorí tí a bá já a léèékánná, ó ń mọ̀ ọ́n. Ohun tí iṣan ìmọ̀lára awọ rẹ̀ kò ní ni èròjà P, tó máa ń bá wọn jíṣẹ́ ìrora fún ọ̀pá ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì gbé jíìnì èròjà yìí sí i lẹ́sẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í lá ẹsẹ̀ nítorí ata, ṣùgbọ́n ásíìdì tí wọ́n tún fún un kò rí i gbé ṣe. Ọdún 2011 ni ìdí rẹ̀ hàn: ásíìdì fúnra rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn tí iṣẹ́ ìrora ìbá gbà kọjá nínú iṣan eku náà.