Ọmọ Tó Fẹ́ràn Ẹ̀rọ Ìfọṣọ: Bí Iṣẹ́ Aṣọ Fífọ̀ Ṣe Bá Wa Dé Dei-Dei

  Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ inú ilé la gbé wá lónìí, pàápàá ẹ̀rọ ìfọṣọ, nítorí ọmọ kan tó wà ní gbogbo àdúgbò.

Ọmọ yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gbá bọ́ọ̀lù, iwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ ni yóò jókòó sí, tí á máa wo bí aṣọ ṣe ń yí lẹ́yìn gíláàsì roboto. Ó mọ ìgbà tí omi ń wọlé, ó mọ ìgbà tí ẹ̀rọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí fáànù bá bàjẹ́, inú rẹ̀ ló fẹ́ rí. Àwa kan ti jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. A ti di bàbá ọmọ àti ìyá ọmọ, síbẹ̀ tí a bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n to ẹ̀rọ sí, ẹsẹ̀ wa á ṣì fà díẹ̀. "Kúrò níbẹ̀, má bà á jẹ́!" lohun tí àwọn àgbà máa ń sọ. Ṣùgbọ́n tí a bá mọ ìtàn ẹ̀rọ yìí, a ó rí i pé ohun tí ọmọ náà ń wò kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ.

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń fọṣọ. Odò ni àwọn ìyá wa ń kó aṣọ lọ, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi eérú àti epo sè. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á fi ọwọ́ ra á, wọ́n á lù ú mọ́ òkúta, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á fún un, wọ́n á sá a. Ọjọ́ kan gbáko ti lọ nìyẹn. Iṣẹ́ ọgbọ́n sì ni. Àdìrẹ tí wọ́n fi aró rẹ, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ kí aró má baà ran aṣọ mìíràn. Aṣọ òkè, wọn kì í sáábà ki í bọ omi rárá.

Nígbà tí Èkó di ìlú akọ̀wé, tí ṣẹ́ẹ̀tì funfun di aṣọ iṣẹ́, iṣẹ́ alágbàfọ̀ gbilẹ̀. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: ẹni tó ń gba aṣọ fọ̀ ni. Ó ń fi búlúù sí funfun, ó ń fi sítáàṣì sí kọ́là, áyọ́ọ̀nù eléèédú ló sì fi ń lọ̀ ọ́. Ní ọdún 1923 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ ọṣẹ Lever sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ọṣẹ gbọọrọ sì di ohun tí gbogbo ilé ń rà. Nígbà tó yá, ọṣẹ oníyẹ̀fun dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iléeṣẹ́ yòówù kó ṣe é, "Ómò" ni ọ̀pọ̀ wa ń pè é títí dòní.

Lókè òkun, àwọn kan ti ń wá bí ẹ̀rọ ṣe lè gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ènìyàn. Ní Jámánì, ní ọdún 1767, Jacob Christian Schäffer tó jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìlú Regensburg tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ kan: agbada onípákó tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ní 1851, James King ní Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ẹ̀rọ tó ní ìlù tó ń yí. Ní nǹkan bí ọdún 1908, iléeṣẹ́ Hurley ní Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í ta Thor, tó ń lo iná mànàmáná. Nígbà tó di 1937, Bendix fi èyí tó ń fọṣọ, tó ń ṣàn án, tó sì ń fún un fúnra rẹ̀ han aráyé.

Báwo ló ṣe ń fún aṣọ láìlọ́wọ́? Ìlù inú rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́. Tí mọ́tò bá ń yí i kíkankíkan, bóyá ìgbà ẹgbẹ̀rún kan ní ìṣẹ́jú kan, ara ìlù ni aṣọ máa lẹ̀ mọ́, omi á sì gba ojú ihò sá jáde. Ìyẹn gan-an ni ọmọ yín ń wò. Ẹ̀kọ́ físíìsì ni, kò kàn tíì mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Kì í ṣe ọmọdé nìkan ló sì ń wò ó. Dókítà ará Sweden kan, Hans Rosling, sọ ọ̀rọ̀ lórí èyí ní ọdún 2010. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí òbí rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ àkọ́kọ́. Wọ́n pe ìyá àgbà wá, òun ló tẹ bọ́tìnì, ó sì fa àga, ó jókòó wò ó títí aṣọ fi tán. Ìyá tó ti ń fi iná igi gbé omi kaná látọjọ́ tó ti dáyé! Rosling ní lẹ́yìn ìyẹn, ìyá òun ráyè mú òun lọ sí ilé ìkàwé. Àkókò tí ẹ̀rọ dá padà ló di ìwé kíkà.

Ní London, 9 oṣù karùn-ún ọdún 1949 ni wọ́n ṣí ilé ìfọṣọ olówó-ẹyọ àkọ́kọ́ ní Queensway. Irú ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa tó gba ìlú òyìnbó lọ lẹ́yìn náà ń kó aṣọ lọ lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń padà bọ̀ ń kó ẹ̀rù bọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa ti wọ̀ ọ́ rèé: Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sẹ́yìn odi tí ó gba òkun bọ̀ wálé, di orúkọ gbogbo ọjà àlòkù. Lónìí, ẹ bi Hausa, ẹ bi Igbo nínú ọjà, "tokunbo" náà ni wọ́n ń pè é. Ìwádìí kan tó wo ọdún 2015 àti 2016 rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba Èkó wọlé lọ́dún, inú ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìjọba ti fòfin de fíríìjì, fírísà àti ẹ̀rọ amúlétutù àlòkù, ṣùgbọ́n ẹ wo ilé wa, ẹ sọ òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká wálé sí Dei-Dei. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni òfin dá olú-ìlú tuntun sílẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba kó kúrò ní Èkó. Ilé kíkọ́ ló pe ènìyàn wá: orí ilẹ̀ tí àwọn Gbagyi ti wà ṣáájú wa ni ọjà pákó àti ọjà ohun èlò ìkọ́lé ti di ńlá, àwa náà sì wá jẹun níbẹ̀. Ẹruku pákó, ẹruku sìmẹ́ńtì: ẹ ò rí i pé aṣọ wa ló nílò fífọ̀ jù? Àwọn tó wà láìní ìyàwó nítòsí gbé tiwọn fún mai wanki, alágbàfọ̀ ti ibí. Àwọn tó ní ìdílé gbé e fún ìyá ilé, tàbí kí á sọ ọ́ bó ṣe rí, fún ọmọbìnrin ilé.

Àwọn mìíràn ra ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì di kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ń kó gàrí àti bàtà sínú rẹ̀. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, omi àti iná ni. Ẹ̀rọ onílẹ̀kùn iwájú tó ń fọ aṣọ kílò 7 lè mu nǹkan bí 50 lítà, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rúwà méjì nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú páìpù tí omi ń tì wá ló ti fẹ́ mu ún, kì í ṣe inú kẹ́ẹ̀gì. Ohun tó ń gbé omi kaná nínú rẹ̀ ń jẹ tó 2,000 wáàtì, "I better pass my neighbour" kò sì tó 1,000. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sí ₦225 fún yúníìtì kan; tí iná omi gbígbóná náà bá tàn fún wákàtí kan nígbà náà, ₦450 ló ń lọ.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ bi ilé yín ní ìbéèrè. Tí omi kò bá gba páìpù wá, irú èyí tó ní kòtò méjì, tí ọjà ń pè ní twin tub, ló bá yín mu: ẹ lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì da omi sí i, kò sì ń gbé omi kaná. Tí ẹ bá ní onílẹ̀kùn iwájú, ẹ fi omi tútù fọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka wákàtí. Tí ọmọbìnrin bá ń pọnmi, tó ń fọ yúnífọ́ọ̀mù gbogbo ilé ní Sátidé, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń kàwé, èsì ìdánwò wọn kò lè dọ́gba. Tí kò bá sí owó ẹ̀rọ, kí ọkùnrin náà mú ọṣẹ. Kò sí ohun tó ń ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọ tó ń wo ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ má lé e. Ẹ fún un ní fáànù tó ti kú àti screwdriver, kó tú u, kó tò ó padà. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan tó ṣì wà nínú iná, ẹ má sì jẹ́ kó tú máíkíróweefù rárá, torí iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ yọ ọ́. Fíríìjì òkú tó wà lẹ́yìnkùlé, ẹ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí. Torí ọmọdé tó há sínú irú rẹ̀ tí wọ́n sì kú ni Amẹ́ríkà fi ṣòfin ní 1956 pé ilẹ̀kùn fíríìjì gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí látinú.

Tó bá dàgbà, kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n, lọ́kùnrin lóbìnrin, kó gba fíríìdọ́ọ̀mù. Gbogbo ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó dé ìlú yìí ni yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹni tó lè tún un ṣe kò sì ní wáṣẹ́ tì. Ojú tó ń wò ó láti kékeré ti ń kọ́ṣẹ́ kí a tó sanwó ọ̀gá.