Bí afẹ́fẹ́ epo bá ń jò lára píkọ́ọ̀pù: ohun tó yẹ kí onímọ́tò mọ̀

Lára àwọn píkọ́ọ̀pù tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu àti kòkó láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ sí Òṣogbo la ti ń rí tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, irú bíi Toyota Tacoma àti Tundra. Nígbà mìíràn, awakọ̀ á ṣáná sí ọkọ̀ n'Iléṣà, iná pupa rúsúrúsú tó ní àwòrán ẹnjíìnì á tàn níwájú rẹ̀, kò sì ní í kú títí tó fi máa dé Òṣogbo. Ọkọ̀ ń sáré dáadáa, kò gbóná, kò sì kú sójú ọ̀nà. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀, wọ́n lè tú ẹnjíìnì tí kò ṣe nǹkan kan, owó á sì wọgbó. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìdérí táǹkì epo lásán ni kò dé dáadáa.

Epo bẹntiróòlù kì í dúró jẹ́ẹ́ nínú táǹkì. Bí ooru bá ti mú un, díẹ̀ nínú rẹ̀ á di afẹ́fẹ́. Láyé àtijọ́, ìta ni afẹ́fẹ́ yìí ń gbà lọ. Ní 1970, ìpínlẹ̀ California pàṣẹ pé kí àwọn ọkọ̀ tuntun máa dá a dúró, gbogbo Amẹ́ríkà sì tẹ̀lé e ní 1971. Agolo tó kún fún èédú ni wọ́n fi ń ṣe é. Èédú á fa afẹ́fẹ́ epo mọ́ra. Bí ẹnjíìnì bá ń ṣiṣẹ́, fáàfù kan á ṣí, ẹnjíìnì á sì fà á jó bíi ti epo yòókù.

Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti ń dán ọ̀nà yìí wò fúnra rẹ̀. Ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà kan lè tan iná náà. Lára èyí tó dé lẹ́yìn 2000, ìdajì mìlímítà ti tó. Àwọn píkọ́ọ̀pù tí wọn kò ṣe fún Amẹ́ríkà lè má ní ìdánwò yìí, nítorí náà imú ni kí ẹni tó ní irú wọn fi máa ṣọ́ òórùn epo.

Epo tó ń gba irú ihò bẹ́ẹ̀ sọnù kò pọ̀. Iná ni ewu ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ epo wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́, ó sì lè kún inú kòtò tí mẹkáníìkì ń wọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáná ìṣáná, mu sìgá tàbí tan jẹnẹrétọ̀ nítòsí rẹ̀. Wẹ́dà kò sì gbọdọ̀ jó táǹkì tó ti gba epo rí, bó tilẹ̀ ti gbẹ.

Ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò. P0442 túmọ̀ sí pé ibi tó ń jò kéré, P0456 pé ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, P0455 pé ó tóbi. Àìsàn ni nọ́ńbà yìí ń sọ, kì í sọ ẹ̀yà tó bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ ìdérí táǹkì. Bí rọ́bà etí rẹ̀ bá ti sán tàbí ti le, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ẹnu irin tí epo ń gbà wọlé: ọkọ̀ tó wá láti ibi tí yìnyín ti ń bọ́, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì lọ́hùn-ún lè ti mú un dípẹtà. Ẹ yẹ àwọn rọ́bà láti táǹkì dé iwájú wò, nítorí ooru máa ń sán wọn, eku náà sì máa ń jẹ wọ́n.

Fáàfù ẹ̀gbẹ́ ẹnjíìnì gbọ́dọ̀ wà ní dídé bí wọ́n bá yọ wáyà rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ páńpù ọwọ́ bá gbà á kọjá, ó ti bàjẹ́. Àmì rẹ̀ kan ni pé ọkọ̀ á ṣòro láti ṣí kété tí wọ́n bá ra epo tán. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fáàfù ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo èédú, máa ń wà ní ṣíṣí ní tirẹ̀. Eruku àti ẹrẹ̀ ọ̀nà oko lè há sí i lẹ́nu tí kò fi ní í dé mọ́.

Bí ojú kò bá rí ihò náà, ẹ̀rọ kan wà tó ń fẹ́ èéfín wọ inú rọ́bà. Ibi tí èéfín bá ti yọ ni ihò wà. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àwọn fọ́ganáísà rọ́pò rẹ̀, agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó lè fọ́ agolo èédú tàbí táǹkì.

Bí àtúnṣe bá parí, iná lè má kú lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í dán ara wọn wò àfi bí ẹnjíìnì bá tutù, tí epo inú táǹkì kò sì kún jù tàbí gbẹ jù. Bí ẹ bá sì ń ra epo, ẹ dúró níbi tí páńpù bá ti gé e. Àwọn tó máa ń rọ ọ́ títí yóò fi kan ọrùn táǹkì ń da epo sórí èédú tí kò yẹ kó tutù, owó agolo tuntun kò sì kéré.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìdérí táǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹnjíìnì yín.