Wàláà Ọmọdé ní Ìlú Sókótó

Ní ìlà-oòrùn Yúróòpù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí Àjọ Ọ̀sẹ̀ àwọn Júù bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, bébà àti ọ̀bẹ ni àwọn ọmọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ wọn máa ń mú lọ́wọ́. Wọn a ṣẹ́ bébà náà po, wọn a gé òdòdó àti ẹyẹ sí i lára, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé ilé. Òfin tí Mósè gbà lórí Òkè Sínáì ni wọ́n fi ń rántí. Àṣà kan tilẹ̀ wà tí ó ti pẹ́ ju èyí lọ láàárín àwọn Júù Jámánì. Ní ọjọ́ àjọ yìí kan náà, wọn a gbé ọmọ kékeré lọ bá olùkọ́, wọn a kọ lẹ́tà Hébérù sí ara pátákó, wọn a da oyin sí i, ọmọ a sì fi ahọ́n lá a. Eleazar ará ìlú Worms, tí ó wà láyé títí di nǹkan bí ọdún 1238, wà lára àwọn tí ó kọ àṣà náà sílẹ̀.

Èyí kò lè ya ará Sókótó lẹ́nu. Láti ìgbà tí Muhammad Bello, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, ti tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1809, ni wàláà ti jẹ́ ohun ìní àkọ́kọ́ fún ọmọ ilé-kéwú níbẹ̀. Allo ni Hausa ń pè é. Pátákó tí a gbẹ́ tí ó ní ìmú ni. Àwọn ọmọ a máa gé koríko líle tàbí pòròpórò ṣóńṣó fi ṣe kálámù. Èédú tí a lọ̀ kúnná tàbí dúdú ìdí ìkòkò, pẹ̀lú oje igi ẹlẹ́gùn-ún àti omi, ni wọ́n fi ń po tàdáwà. (Ọ̀rọ̀ tàdáwà yìí, bákan náà ni Hausa àti Yorùbá ń pè é.) Bí ọmọ bá ti ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé orí, yóò fọ wàláà náà kí a tó kọ òmíràn. Omi rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń dà sí ojú ọ̀nà, nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a sì máa mu ún, bí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ti ń mu hàǹtú. Júù fi oyin, Hausa fi omi, ṣùgbọ́n inú ikùn ni lẹ́tà ń lọ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Kò di dandan kí ọ̀kan ti kọ́ ọ lọ́wọ́ èkejì.

Ọjọ́ ẹ̀yẹ wàláà ni ọjọ́ tí ọmọ bá kà dé ibi pàtàkì nínú Àlùkùránì, tàbí tí ó bá parí rẹ̀. Sauka ni Hausa ń pe píparí yìí, bí Yorùbá ti ń pe tirẹ̀ ní wòlímà. A óò fi tàdáwà aláwọ̀ oríṣiríṣi ya igun àti ìlà sí ara wàláà náà. Zayyana ni wọ́n ń pe ọnà yìí. Ọmọ a gbé e káàkiri ilé ìbátan àti aládùúgbò, wọn a sì ta á lọ́rẹ.

Ẹni tí ó bá rò pé ọmọkùnrin nìkan ni ìwé wà fún ní Sókótó ti gbàgbé Nana Asma'u, ọmọ Shehu, tí a bí ní ọdún 1793. Ìbejì ni. Ó fi èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Hausa kọ ewì. Inú ilé ni ó ti ń kọ́ àwọn obìnrin, ó sì dá ẹgbẹ́ 'Yan Taru sílẹ̀. Àwọn jàjí, ìyẹn àwọn obìnrin aṣáájú ẹgbẹ́ náà, a máa dé akẹtẹ̀ tí a fi aṣọ pupa wé, wọn a kó àwọn obìnrin ìgbèríko wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá há sórí ni wọ́n ń gbé padà lọ fún àwọn ọmọ ní ìdí ààrò. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1864, Maryam àbúrò rẹ̀ ń bá iṣẹ́ náà lọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 1903 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Sókótó, lẹ́tà tiwọn sì gba ipò ní ọ́fíìsì. Ọmọ tí ó lè fi àjàmí, èyíinì ni lẹ́tà Lárúbáwá, kọ lẹ́tà Hausa sí bàbá rẹ̀ wá di púrúǹtù lójú ìjọba. Ìwà àìtọ́ gbáà ni èyí, ó sì tún burú nítorí pé kò tíì tán. Ní ọdún 2007, wọ́n yọ àjàmí kúrò lára àwọn owó náírà kéékèèké. Síbẹ̀ ní àwọn ilé-kéwú Sókótó, àwọn ọmọ ṣì ń fọ wàláà wọn, wọ́n ń gbé e sá sínú oòrùn, wọ́n sì ń dúró kí ó gbẹ.