Àwọn Tó Dá Sẹ̀gilọlá Lóhùn

Ní oṣù keje ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde. Obìnrin náà pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ọmọ Èkó ni, àìsàn sì ti gbé e dè. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, ẹwà ń pa òun bí ọtí, òun sì fi ayé òun ṣòfò. Ní báyìí tí ìyà ti dé, òun fẹ́ ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn lè fi òun kọ́gbọ́n. Lẹ́tà yìí kò dá wá. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn, títí di oṣù kẹta ọdún 1930. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn náà mú gègé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn.

Àwọn olùdáhùn wọ̀nyí ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí, nítorí èmi náà ti ní ẹni tó dá mi lóhùn rí, mo sì bínú sí i fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ilé-ìwé wa ní Ìbàdàn, pátákó kan wà lára ògiri lẹ́bàá ọ́fíìsì àwọn olùkọ́. Ibẹ̀ ni àwa tí a fẹ́ràn àròkọ máa ń lẹ ohun tí a bá kọ mọ́. Kò sí ẹni tó ṣòfin rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di àṣà pé ẹni tó bá kà á yóò fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì sí etí ìwé náà. Mo ń kọ ìtàn ọmọkùnrin kan tó ń ṣe kọ̀ńdọ́ dánfó láti Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀. Mo lẹ apá kìíní. Lọ́jọ́ kejì, mo bá "Ó dùn gan-an" níbẹ̀, mo bá "Má jẹ̀ẹ́ kó kú o", mo tún bá "Apá kejì dà?" Inú mi dùn débi pé n kò rántí oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí mo lẹ apá kejì, ẹnì kan fi bírò pupa kọ ọ́ gbọọrọ pé: "Kọ̀ńdọ́ wo ló ń sọ̀rọ̀ báyìí? Àbí ìwọ ò wọ dánfó rí ni?" Kò fi orúkọ sí i. Mo já ìwé náà kúrò lára pátákó kí agogo tó lù, mo ká a sínú báàgì mi, n kò sì lẹ ohunkóhun síbẹ̀ mọ́ títí a fi gba ọlidé.

Nínú ọlidé yẹn ni àbúrò bàbá mi, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì, gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá wá sílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber, ará Ìlú Ọba, ló tún un tẹ̀ jáde ní 2012, tó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Bọ̀dá mi kò gbé e wá fún mi o. Iṣẹ́ àṣetiléwá ló fẹ́ fi ṣe. Èmi ni mo ń jí i kà tí ó bá ti jáde.

Kí n tó padà sọ́dọ̀ Sẹ̀gilọlá, ó yẹ kí n sọ bí ìwé ìròyìn Yorùbá ṣe dé ibi tí òǹkàwé ti lè bá òǹkọ̀wé fọ̀rọ̀ wérọ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1859, ní Abẹ́òkúta, àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ọ̀kan. Ní 1867, nígbà Ìfọ́lé, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú, ìwé ìròyìn náà bá a lọ. Ní 1875, àwọn àlùfáà péjọ sí Èkó, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sì ṣe alága wọn, láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń tòògbé tí olùkọ́ wa bá ti dé orí ìpàdé yìí, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fojú inú wo àwọn àgbàlagbà tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń jiyàn lórí àmì tín-ń-tín tó yẹ kó wà lábẹ́ lẹ́tà. Crowther ti kọ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde láti 1843, ó sì tún un ṣe ní 1852. Ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ náà, síbẹ̀ ó ṣì jókòó gbọ́ ohun tí àwọn yòókù fẹ́ sọ.

Ní nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn náà ni ọjà wá kún. Adeoye Deniga gbé Èkó Akéte jáde ní 1922. E. A. Akintan tẹ̀ lé e pẹ̀lú Elétí Ọfẹ ní 1923. Ní Ìbàdàn wa níbí, D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ The Yoruba News ní 1924. Èkó Ìgbẹ̀yìn dé ní 1926, I. B. Thomas sì dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń jáde, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sì ń gbé pọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá o. Olóòtú a máa kọ̀wé, a máa wá ìròyìn, a sì tún máa lé owó kiri. Ọ̀rọ̀ owó yìí le. Ẹni tó yin ìwé ìròyìn lójú pópó lè jẹ ẹ́ ní gbèsè ọdún kan, àwọn olóòtú sì máa ń kígbe gbèsè náà síta nínú ìwé ìròyìn wọn.

Lẹ́tà àwọn òǹkàwé kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló ń kún ojú ìwé, òun náà ló sì ń sọ fún olóòtú pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń kà á. Àwọn kan a fi orúkọ ara wọn sí lẹ́tà, àwọn mìíràn a fi orúkọ bojúbojú sí i. Ẹ̀yin náà rí i pé oníbírò pupa wa kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí Ọbasá, nítorí ará ilé ni. Yàtọ̀ sí ìwé ìròyìn, akéwì ni. Ó pẹ́ tó ti ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà jọ, òun àti àwọn bí I. B. Akínyẹlé sì wà nínú Ẹgbẹ́ Àgbà-Ò-Tán, tí wọ́n jọ ń wádìí ìtàn àti àṣà ìlú. Ó gbé ìwé kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní 1927, èkejì ní 1934, ẹ̀kẹta ní 1945. Ọdún 18 ló wà láàárín ìwé kìíní àti ẹ̀kẹta. Ẹni tó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó bẹ́ẹ̀, kò lè gbé òwe tí kò gún régé jáde kí ó má gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì.

Ó yá, Sẹ̀gilọlá. Nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ ń jáde, àwọn òǹkàwé kọ̀wé láti bá a kẹ́dùn. Wọ́n gbà á níyànjú pé kó máa bá ìtàn náà lọ. A tilẹ̀ rí ẹni tó fi owó ránṣẹ́ sí olóòtú pé kó bá òun fún un, kó fi tọ́jú ara rẹ̀. Sẹ̀gilọlá náà kì í ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. A máa mẹ́nu ba àwọn tó ń kẹ́dùn rẹ̀ nínú lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé e, a sì padà sórí ìtàn rẹ̀. Ẹni tó ka lẹ́tà tuntun lónìí á fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tí òun kọ dé etí obìnrin náà. Mo mọ bó ṣe rí. Èmi náà máa ń sáré lọ síbi pátákó wa láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ní 1930 kan náà ni wọ́n kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Àròsọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. I. B. Thomas, olóòtú fúnra rẹ̀, ló jókòó tó ń kọ gbogbo ẹ̀.

Ibi tí èmi àti Bọ̀dá mi ti fẹ́ jà nìyẹn, nítorí mo gbàgbé pé mo ń jí ìwé náà kà ni, mo bá a jiyàn. Bọ̀dá ní ẹ̀tàn gbáà ni, pé ẹni tó fi owó ránṣẹ́ sí obìnrin tí kò sí, wọ́n lu ú ní jìbìtì. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Màámi tó ń gé ẹ̀fọ́ nítòsí wá bi í pé, "Ìwọ tí o sunkún lórí fíìmù lọ́jọ́ sí, ta ló lù ọ́ ní jìbìtì?" Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀ fún ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ owó yẹn ṣì ń dun èmi náà díẹ̀. Ìkẹ́dùn tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ni mo rò pé kò ṣòfò rárá. Òǹkọ̀wé tó ń gbọ́ ohùn èèyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọlé sí àwọn èèyàn lára, ó sì mọ̀ pé wọ́n ń retí òun. Ṣé Thomas ì bá kọ ọ́ fún oṣù mẹ́jọ bí kò bá sí ẹni tó dá a lóhùn? Èmi o, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá mi dúró.

Ohun kan tún wà tí n kò tètè rí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ìtàn Sẹ̀gilọlá kún fún Èkó. Àdúgbò Èkó wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń múra wà níbẹ̀, àwọn orin tí wọ́n ń kọ kiri ìlú nígbà kan rí náà wà níbẹ̀. Àwọn wo ló sì ń kà á? Ará Èkó. Àwọn tó mọ̀ bí igboro ṣe rí, tó bá orin yẹn nílé, tí ìyá wọn kọ ọ́ létí wọn. Tí Thomas bá ṣi àdúgbò mú, tàbí tó fi orin ọdún kan sí ọdún mìíràn, ẹnì kan á mú gègé kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. Ojú àwọn tó mọ ìlú wà lára òǹkọ̀wé, kò sì lè kọ ìkọkúkọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi rántí bírò pupa.

Mo fa ìwé tí mo ti ká sínú báàgì yọ, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo kà á bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Kọ̀ńdọ́ mi ń sọ pé: "Ẹ̀yin èrò mi ọ̀wọ́n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ san owó ọkọ̀ yín." Ẹ̀rín pa mí níbi tí mo dá wà. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré, mọ́tò bàbá mi ló ń gbé mi lọ ilé-ìwé.

Mo fẹ́ dárúkọ D. O. Fágúnwà kí n tó kúrò nínú ìtàn, nítorí ìdíje ló gbé òun náà jáde bí irú èyí tí mo ń kọ̀wé sí yìí. Olùkọ́ ni ní Ọ̀yọ́. Ní 1936, ìjọba tó wà nídìí ètò ẹ̀kọ́ pe àwọn èèyàn síbi ìdíje ìwé kíkọ, Fágúnwà sì fi Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ránṣẹ́. Ilé ìtẹ̀wé CMS tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Gbogbo èèyàn ló mọ Fágúnwà. Àwọn tó jókòó ka ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀, tí wọ́n sọ pé èyí dára, ẹ jẹ́ kó jáde, ta ló mọ orúkọ wọn?

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ọlidé, mo bẹ Màámi, mo wọ dánfó láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀, mo sì wọ̀ ọ́ padà. Mo jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, mo gbé ìwé kékeré kan sórí orúnkún. Kọ̀ńdọ́ bi mí bóyá ìjọba ló rán mi. Nígbà tí mo sọ fún un pé ìtàn ni mo ń kọ, ó ní kí n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àwọn èrò ló máa ń kọ́kọ́ bú àwọn. Mo kọ ọ́ sínú rẹ̀.

Nígbà tí a wọlé, mo lẹ apá kejì padà, mo sì fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ létí ìwé náà. Ọjọ́ méjì kọjá, pẹ́ńsùlù nìkan ló wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, bírò pupa dé: "Ó ti ń jọ kọ̀ńdọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n dánfó tó ń bọ̀ láti Mọ́kọ́lá, ta ló ní kó máa já èrò sílẹ̀ láàárín títì? Tún un wò. Apá kẹta dà?"