Kòkó Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ọjà Àgbáyé: Ìpèníjà àti Yíyàn Ọjọ́ Iwájú

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó ń ṣíwájú nínú ọ̀gbìn kòkó ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Láti oko ní Ìdànrè, kòkó a máa gba ọwọ́ àgbẹ̀, alágbàtà, ilé ìkẹ́rùsí àti èbúté Èkó kọjá, kí ó tó dé ilé iṣẹ́ ṣokoléètì ní Yúróòpù. Bí ibì kan bá já nínú ẹ̀wọ̀n yìí, gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń kàn.

Ewu ojú ọ̀nà

Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ọkọ̀ Ever Given há sínú odò àfọwọ́gbẹ́ Suez fún ọjọ́ mẹ́fà. Láti ìparí ọdún 2023, ìkọlù ní Òkun Pupa mú kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa yí gba gúúsù Áfíríkà. Kòkó wa kì í gba ọ̀nà wọ̀nyí lọ sí Yúróòpù. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ àti kọ̀ǹténà bá wọ́n, owó ìkẹ́rù lè gòkè níbi gbogbo.

Ojú ọjọ́ àti iye owó

Ní ọdún 2024, ojú ọjọ́ tí kò dára àti àrùn igi kòkó dín ìkórè kù ní Ivory Coast àti Gánà. Iye owó tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, lẹ́yìn náà ni ó tún já wálẹ̀.

Òfin Yúróòpù

Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tí a bá gbìn sí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. A gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí oko tí kòkó ti wá. Oko tí ó bá ju hẹ́kítà 4 lọ nílò àwòrán ààlà rẹ̀. Ojúàmì kan ti tó fún èyí tí ó kéré. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú, ṣùgbọ́n wọn kò fagi lé e.

Yíyàn tí ó wà níwájú

Bí alágbàtà bá da kòkó tí a mọ oko rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tí a kò mọ̀, gbogbo ẹrù náà ni ọjà Yúróòpù lè kọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé àgbẹ̀ kékeré nìkan ni yóò san owó wíwọn oko, òun ni a ó kọ́kọ́ tì sẹ́yìn. Lílọ kòkó nílé kò yọ wá kúrò lábẹ́ òfin náà, nítorí ó kan bọ́tà àti ìyẹ̀fun kòkó pẹ̀lú. Èrè rẹ̀ ni pé iṣẹ́ àti owó yóò kù sí ọ̀dọ̀ wa.

A rọ àwọn àgbẹ̀ láti tún igi kòkó tó ti gbó gbìn sínú oko àtijọ́ dípò dídá igbó tuntun, kí wọ́n sì tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti rìsíìtì ọjà wọn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.